Asẹ́ Erin

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò dá lórí ẹlòmíràn bí kò ṣe Erin, Akàn àti Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo.

Erin jẹ oyè. Ó ní òun kò fẹ́ àga tuntun, òun kò fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ẹja inú gíláàsì lòun fẹ́ kí àlejò bá ní pálọ̀ òun. Wọ́n gbé táǹkì dé, lítà 600. Ó wá ku asẹ́ tí yóò máa sẹ omi rẹ̀.

Erin yan ìgbìmọ̀. Ewúrẹ́ ni alága, òun tí òjò bá ṣú tí í sá wọ abẹ́ òrùlé kí ẹ̀kán kan tó bọ́ sílẹ̀. Ológbò ni igbákejì. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹja jẹ òun lógún, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ ẹ́ lógún. Ìjàpá ni akọ̀wé, òun náà ni agbaṣẹ́ṣe. Akàn ń bẹ létí odò nítòsí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, nítorí kò ní agbádá.

Akàn fẹ̀gbẹ́ rìn wọlé fúnra rẹ̀. "Baba Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo omi yìí gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin ní wákàtí kan, ó kéré tán. Lítà 2,400 nìyẹn."

Ìjàpá na àpótí kékeré kan sókè. "Ohun tí wọ́n kọ sí i lára gan-an nìyẹn!"

"Ikùn rẹ̀ ṣófo nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ ki fóòmù sí i nínú, ẹ jẹ́ kó fa omi gòkè, kí ẹ wá wo iye tó máa kù. Asẹ́ alágolo ńlá, èyí tí í jókòó sábẹ́ táǹkì, ni kí ẹ rà, kó sì jẹ́ méjì. Bí a bá ń fọ ọ̀kan, èkejì á máa ṣiṣẹ́."

Ewúrẹ́ lu tábìlì, ó ní ẹni tí kò lè rìn tààrà kò lè gbani nímọ̀ràn tó tọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọjọ́ ìwúyè gan-an ni wọ́n da omi, ni wọ́n ki asẹ́ Ìjàpá bọ̀ ọ́, ni wọ́n da Ẹpìyà ogún àti Àrọ̀ kan sínú rẹ̀. Omi mọ́ gaara. Ní gbogbo Sátidé, Ìjàpá á wá yọ fóòmù, á fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ títí á fi funfun bí òwú, á gba owó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Ẹpìyà bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Ológbò ló ń kó òkú wọn lọ fún ìwádìí.

Àrọ̀ nìkan ló kù, nítorí ó máa ń yọ ẹnu sókè mí. Lóru ló gbé orin:

Erin o, Erin o, omi mọ́ gaara,
*Ṣọ̀rọ̀rọ̀, omi ń ṣàn.*
Ó mọ́ lójú, kò mọ́ níkùn,
*Ṣọ̀rọ̀rọ̀, omi ń ṣàn.*
Ohun tá a mí jáde la tún ń mí sínú,
*Ṣọ̀rọ̀rọ̀, omi ń ṣàn.*
Ta ló fọ àwọn kékeré dànù?
*Ṣọ̀rọ̀rọ̀, omi ń ṣàn.*

Erin ta gìrì, ó ránṣẹ́ pe Akàn.

"Baba, àpótí kọ́ ni asẹ́. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí, tó ń gbé inú fóòmù, àwọn gan-an ni. Amóníà ló ń jáde lára ẹja. Kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni. Àwọn kan ń sọ ọ́ di nitrite, tóun náà ń pani. Àwọn mìíràn ń sọ ìyẹn di nitrate, tó rọ̀ jù, tí à ń fi pípààrọ̀ omi dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n fi ń pọ̀ tó. Kiloríìnì inú omi ẹ̀rọ ni Ìjàpá fi ń pa àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Omi táǹkì fúnra rẹ̀ ni à ń bù sínú bákẹ́ẹ̀tì fi ṣan fóòmù. Bí iná ọba bá sì lọ pẹ́, afẹ́fẹ́ á tán nínú agolo. Ẹ wá pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì sí ìtòsí."

Erin ra agolo méjì, ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní sùúrù. Wọ́n ní kí Ìjàpá dá owó padà, ó ní Yánníbo ti fi se ọbẹ̀.

Asẹ́ kékeré yẹn ńkọ́? Ilé Ẹfọ̀n ló wà báyìí. Lítà 800 ni táǹkì tirẹ̀, Ewúrẹ́ náà sì ni alága ìgbìmọ̀.