Ọ̀kẹ́rẹ́ Rí Wa, A Ò Rí Ọ̀kẹ́rẹ́

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni nígbà ayé tiwọn. Ẹni tó bá kúrò ní Ọ̀tà láyé ìgbà náà, tó forí lé ọ̀nà Ìmẹ̀kọ tàbí Kétu, kò ní ohun mìíràn tí yóò máa wò ju ọ̀nà, igi àti èèyàn lọ. Bí ọ̀kẹ́rẹ́ oníké bá fò kọjá, dandan ni kó rí i. Lónìí ńkọ́? À ń rìn jìnnà ju àwọn bàbá wa lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wò wá. Ó ń wo àgbàlagbà tó gun òkìtì ọ̀gán, tó na fóònù sí ojú ọ̀run, tó ń pariwo pé, "Ẹ ń gbọ́ mi báyìí? Báyìí ńkọ́?"

Kí a tó dé inú igbó, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì Sàngó ní Ìjókò ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọkọ̀ kò tíì jáde nínú kòtò àkọ́kọ́ tí fóònù ọ̀gbẹ́ni kan fi dún. "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo ti dé Alákùúkọ." Alákùúkọ! Sàngó gan-an ṣì wà níwájú, Tólígéètì ṣì wà níwájú Sàngó. Gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló gbọ́, kò sí ẹni tó yí ojú wò ó, nítorí oníkálukú mọ̀ pé tòun náà ń bọ̀. Láìpẹ́ ìyá tó jókòó lẹ́yìn dírẹ́bà yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé òun ti wọ Ìyánà Ìpájà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ohùn ń wọlé ketekete, síbẹ̀ kò sí ẹni tó mọ ibi tí ẹnikẹ́ni wà.

Àwa yìí náà ni ọkàn wa máa ń já bí a bá gbọ́ pé abúlé tí a ń lọ kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará ilé sọ̀rọ̀ yóò kọ lẹ́tà, yóò fi rán dírẹ́bà. Ṣáájú lẹ́tà, àrokò wà: owó ẹyọ méjì tí wọ́n dojú wọn kọ ara wọn ń sọ ti ìfẹ́, bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ kéré, ó sì yé ẹni tó gbà á. Nígbà tí GSM kọ́kọ́ dé, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, nítorí náà èèyàn máa ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó tẹ nọ́ńbà. Ní 2003, Glo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ó ṣe wá láǹfààní púpọ̀, kò sì sí ẹni tó tún ro ọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ bá mi lọ sí Ìdí-Ìrókò. Láti Ìjókò, ẹ ó gba Sàngó, Ọ̀tà, Àtàn àti Òwódé. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ẹnubodè, fóònù lè já nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà sílẹ̀ kó di ti Benin mú, kí àtẹ̀jíṣẹ́ sì kí yín káàbọ̀ sí ìlú òkèèrè nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà nínú iyẹ̀pẹ̀ Ògùn. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Yúróòpù, wọ́n pín ilẹ̀ yìí, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò gbọ́ sí àdéhùn náà. Ọlọ́gbọ́n yóò pa dátà rẹ̀ kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ńkọ́? Ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí WhatsApp pé òun ti rìnrìn àjò jáde kúrò ní Nàìjíríà. Nígbà tó fi máa rántí ìyá rẹ̀ tó ń retí ìpè ní Ìjókò, kírẹ́díìtì ti tán, bátìrì ti kú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yá a ní fóònù. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ dà? Inú fóònù tó kú ló wà.

Àwọn tó ń gun òkìtì ọ̀gán pàápàá, ìmọ̀ díẹ̀ ì bá ràn wọ́n lọ́wọ́. Lábẹ́ ìlànà GSM, òpó kan kì í sábà dá ẹni tó bá jìnnà ju kìlómítà 35 lóhùn, ariwo ẹnu kò sì dí àlàfo náà. Fóònù tí kò rí òpó nítòsí máa ń fi agbára wá a kiri, ìyẹn ló ń jẹ bátìrì, nítorí náà ó sàn kí èèyàn pa á títí yóò fi dé ibi tó ga. Àtẹ̀jíṣẹ́ sì máa ń kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju fóònù nù o. Lẹ́yìn tí wọ́n kọlu réluwéè Àbújá sí Kàdúná ní oṣù kẹta 2022, ta ni yóò bá ìyàwó wí pé ó pe ọkọ rẹ̀ nígbà mẹ́wàá? Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nínú ìpè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, "Ẹ ti dé ibo báyìí, Bàbá Ìbejì?" nìkan ló béèrè, "Mo ti ń sún mọ́ ibẹ̀" nìkan sì ni ìdáhùn. Kò mọ nọ́ńbà ọkọ̀, kò mọ gáréèjì tó ti wọ̀ ọ́, kò mọ ọ̀nà tí dírẹ́bà gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, kí ni yóò sọ fún ọlọ́pàá?

Ẹ̀yin tó ń lọ sí oko, ààlà tàbí ìlú ìyá yín lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó kúrò ní Ìjókò, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ gáréèjì àti wákàtí tí ẹ máa dé sílẹ̀ fún ará ilé. Ẹ kọ nọ́ńbà èèyàn méjì sórí ìwé, kí ẹ fi sínú àpò ṣòkòtò. Ẹ rántí pé 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí wọ́n bá sì béèrè ibi tí ẹ dé, tó jẹ́ pé Ìjókò lẹ ṣì wà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní Ìjókò ni.