Ìpàkọ́ Ló Rí Òkun

Àwọn àgbà ní, "Ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù." Ojú ni wọ́n wí o, wọn ò mẹ́nu kan fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Ìbejì gbé ìwé ìrántí ìrìn àjò ẹgbẹ́ wa sí Àgbádárìgì jáde. Ìwé ọ̀hún wúwo bí odó. Fọ́tò, bébà aláràbarà, tíkẹ́ẹ̀tì, títí dé iyanrìn etí òkun tó dì sínú ọ̀rá kékeré, gbogbo rẹ̀ ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ò fẹ́ kí a gbàgbé ohunkóhun.

Ojú ìwé kìíní: ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí ní 1845. Àtẹ̀gùn rẹ̀ nìkan la rí, torí ibẹ̀ ni aṣọ ẹgbẹ́ ti yọ dáadáa.

Ojú ìwé kejì: ilé ẹrú Ṣẹ́ríkí Williams Abass. Afinimọ̀nà ń ṣàlàyé pé yàrá 40 ló wà níbẹ̀, ẹrú 40 ni wọ́n sì ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bùọ̀dá, ẹ sún díẹ̀, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀." Ló bá ki ọwọ́ bọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó fajú ro. Wọ́n yà á tán, ó ní kí wọ́n tún un yà, gèlè òun wọ́. Òdòdó pupa oníbébà ló wá fi yí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà ká nínú ìwé. Táíwò bi í pé, "Mọ́mì, ta ni wọ́n fi irin yìí dè?" Ìyá ẹ̀ ní kó má fi ọwọ́ ẹlẹ́pà kan ìwé òun.

Ojú ìwé kẹta: kànga tó wà lọ́nà òkun ní erékùṣù Gberefu. Wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò tọ́ ọ wò. Kí la tún fẹ́ gbàgbé?

Ojú ìwé tó kẹ́yìn: etí òkun, níbi tí ẹrú tó bá wọkọ̀ kì í ti í padà wálé. Gbogbo wa tò lẹ́sẹẹsẹ, a kẹ́yìn sí omi, eyín funfun báláú. Ìpàkọ́ ló rí òkun.

Ohun kan ṣoṣo ni kò sí nínú ìwé náà. Bí a ṣe ń sọdá ọ̀sà padà bọ̀, ìgbì kékeré kan gbá ọkọ̀ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ figbe ta: "Jésù!" Ọmọ Ègùn tó ń wa ọkọ̀ wò wá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé etí òkun la ti ń bọ̀ lóòótọ́?