Àwọn Ẹni Ọ̀wọ̀ Tó Ń Purọ́ Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ṣé ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ gbogbo ayé ní ìwà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á jókòó, wọ́n á ro irọ́ tó dùn, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn tó ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ wọn ń wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́? Ká ní jàǹdùkú ni wọ́n, ẹnu ò ní yà mí. Tíṣà ni wọ́n. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n. Àlùfáà wà níbẹ̀. Ọ̀gá báńkì wà níbẹ̀! Ó mà ṣe o.

Eré crossword ni mò ń wí, àwọn àpótí funfun àti dúdú tí ẹ máa ń rí nínú ìwé ìròyìn. Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, ló gbé àkọ́kọ́ jáde nínú New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, tirẹ̀ kò sì ní wàhálà: ó bi ọ́ ní orúkọ nǹkan, o dá a lóhùn. Ìgbà tó dé ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ ọ ní békebèke, tó wá di àdììtú. Nínú tiwọn, ohun tí ìtọ́ka, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bi ọ́, ń wí lójú kọ́ ló ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa ṣe é kó lè yé yín. Bí mo bá kọ ọ́ pé, "Ẹ̀wà yíjú padà, ó di ebi tí à ń fi wá ojú Ọlọ́run: lẹ́tà mẹ́ta," ẹni tí kò mọ̀ yóò máa ro ìkòkò àti iná. Irọ́ ni, kò sí ìkòkò níbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀wà láti ẹ̀yìn wá síwájú, yóò di àwẹ̀, àmì orí rẹ̀ kò sì ní yẹ̀. Apá kan ìtọ́ka náà sọ ìtumọ̀, apá kejì sọ bí a ṣe to ọ̀rọ̀ náà, a wá rán méjèèjì pọ̀ débi pé ẹ ò rí ojú abẹ́rẹ́.

Bó bá jẹ́ irọ́ lásán ni, ǹ bá dákẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n fọwọ́ bo ẹnu ni pé àwọn òpùrọ́ yìí ní òfin, wọ́n sì le lórí rẹ̀ ju adájọ́ kóòtù lọ. Alistair Ritchie, ọ̀gá ilé ìwé Kàtídírà ní ìlú Wells, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ òfin náà múlẹ̀. Ó ní ẹni tó ń di àdììtú lè ṣi ènìyàn lọ́nà bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ohun tó kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà sí ohun tó ní lọ́kàn lóòótọ́. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tí wọ́n fa ọmọ lé lọ́wọ́ kó kọ́ wọn ní òtítọ́ ló ń kọ́ àgbàlagbà ní irọ́ tó bófin mu. Orúkọ tó sì fi ń ṣe é ni Afrit, àlùjọ̀nnú inú ìtàn àwọn Lárúbáwá. Àlùjọ̀nnú, nínú ọgbà Kàtídírà.

Derrick Somerset Macnutt ló wá sọ ọ́ di ìdájọ́ gidi. Tíṣà èdè Látìn àti Gíríìkì ni ní ilé ìwé Christ's Hospital, òun ló sì ń di àdììtú inú The Observer láti 1939 títí ó fi kú ní 1971. Ximenes ló ń pe ara rẹ̀. Ní 1966 ó kó òfin rẹ̀ jọ sínú odidi ìwé kan. Ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìtọ́ka, ọ̀nà tí a gbà to ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ kù lẹ́yìn méjèèjì. Bí mo bá yọ "yíjú padà" kúrò nínú ìtọ́ka mi tòkè yẹn, tí mo ní kí ẹ máa fura fúnra yín, ọ̀daràn ni mí. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹ̀tàn mi mọ́. Ẹ̀tàn tó mọ́! O lè fi lẹ́tà ńlá sí orí ọ̀rọ̀ lásán kó lè dà bí orúkọ ènìyàn, ìyẹn ò burú lójú wọn. Ṣùgbọ́n kí o yọ lẹ́tà ńlá kúrò lórí orúkọ ènìyàn kó lè dà bí ọ̀rọ̀ lásán, á, o ti dẹ́ṣẹ̀ nìyẹn. Àwọn wo ló ń jókòó pín irọ́ sí mímọ́ àti àìmọ́ báyìí, tí oúnjẹ wà lórí iná?

Ibi ìdíje ni kí ẹ ti wá wò wọ́n. Adájọ́ á fún àwọn òǹkàwé ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, oníkálukú á hun ìtọ́ka tirẹ̀ ránṣẹ́, òun nìkan á sì dá ẹjọ́: àwọn tó gba ẹ̀bùn, àwọn tí a yìn gidigidi, àwọn tí a kàn yìn. Ìwé pélébé kan á tẹ̀ lé e níbi tí bàbá ti ń tú ìtọ́ka ọmọlọ́mọ palẹ̀, tó ń sọ ohun tó gbé èyí ṣubú àti ìdí tí tọ̀hún kò fi tọ́. Jonathan Crowther, tó gba ipò Macnutt ní 1972 tó sì ń jẹ́ Azed, ń ṣe é lóṣooṣù, ife fàdákà sì wà tó ń ti ilé olùborí kan bọ́ sí ilé òmíràn. Àwọn ta ló sì ń du irọ́ tó dára jù? Sir Jeremy Morse, alága báńkì Lloyds, ẹni tí àwọn ènìyàn kó owó wọn tì! Colin Dexter náà wà níbẹ̀, tíṣà nígbà kan rí. Nígbà tí Dexter kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1975, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń du ife ló kó fún àwọn ènìyàn inú ìtàn. Morse di ọ̀gá ọlọ́pàá, Lewis di igbákejì rẹ̀. Lewis tó ń fi ìtọ́ka ránṣẹ́ yẹn, orúkọ ìnagijẹ obìnrin kan ni. Irọ́ lórí irọ́. Apànìyàn nìkan ni kò sọ lórúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, bóyá ojú tì í díẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ tí wọ́n ń jẹ́. Edward Powys Mathers tó ṣáájú Macnutt nínú The Observer sọ ara rẹ̀ ní Torquemada. Ṣé ẹ mọ Torquemada? Olórí àkọ́kọ́ fún àwọn adájọ́ ìgbàgbọ́ ní Sípéènì, àwọn tó ń dá ènìyàn lóró tí wọ́n sì ń mú kí a dáná sun wọ́n. Ximenes tí Macnutt ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Deza náà jẹ ẹ́. Ẹ ka Deza láti ẹ̀yìn, Azed ló dà, ọgbọ́n ẹ̀wà àti àwẹ̀ náà ni. Orúkọ ń ro ọmọ, àwọn wọ̀nyí fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì yan adánilóró.

Mo mọ̀ pé ti àlùfáà lẹ ń dúró dè. John Graham, àlùfáà Áńgílíkà, ló ń jẹ́ Araucaria nínú The Guardian, ó sì ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti 1958. Òfin Ximenes kò ká a lára tó bẹ́ẹ̀. Bí ìtọ́ka bá ti pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, ó tó lójú rẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn Ximenes sì ń mi orí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ìgbéyàwó rẹ̀ túká, iṣẹ́ àlùfáà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá di pé ẹni tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ ń fi ẹ̀tàn jẹun! Ìgbà tí ìyàwó àkọ́kọ́ kú ni wọ́n tó gbà á padà. Ẹnu rẹ̀ náà kò sì gbófo. Ó kó gbogbo lẹ́tà tó wà nínú àkọlé ewì kan tí Rupert Brooke kọ nípa ilé kan ní Grantchester, ó dà wọ́n rú, ó tún wọn tò, Lord Archer oníwà mímọ́ ló sì jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu tí bàbá fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Jeffrey Archer gan-an ló ń gbé ilé náà! Archer tó gba 500,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́ Daily Star ní 1987 torí pé wọ́n ní ó bá aṣẹ́wó sùn, tí kóòtù wá jù sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin ní 2001 torí irọ́ tó pa nínú ẹjọ́ yẹn. Ta lẹ fẹ́ mú? Lẹ́tà ni wọ́n tò, ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan. Òfófó tí kò ní ẹlẹ́nu ni èyí, èmi tí mo sì mọ òfófó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2013 bàbá náà fi àdììtú sọ fún àwọn tó ń tú u pé jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ti mú òun. Ó kú ní oṣù Kọkànlá. Lórí ìyẹn, mi ò ní ọ̀rọ̀ burúkú.

Ẹ má sọ pé àwọn ìwé ìròyìn kò mọ̀ pé eré crossword yìí ò dáa. Ní 1924 The New York Times pè é ní ìfàkókòṣòfò tó la ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ní 1942 òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ní eré yìí ti sọ Amẹ́ríkà di ẹrú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1930 òun náà ti kó sí i.

Ṣùgbọ́n ti Leonard Dawe ló gba oorun lójú mi. Ọ̀gá ilé ìwé Strand ni, ilé ìwé tí ogun Hitler lé kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Effingham ní Surrey, òun ló sì ń di àdììtú fún The Daily Telegraph. Ní ọdún 1944, ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, Utah jáde nínú àpótí rẹ̀. Ọjọ́ 22, Omaha. Ọjọ́ 27, Overlord. Ọjọ́ 30, Mulberry. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, Neptune. Orúkọ àṣírí ni gbogbo rẹ̀, ti etíkun, ti èbúté tí wọ́n fẹ́ wọ́ gba orí omi lọ, ti odidi ètò tí àwọn ọmọ ogun fi gúnlẹ̀ sí Normandy ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà yẹn gan-an. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba já lu ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n bi í títí, wọn ò rí amí kankan mú.

Ní 1984 ni Ronald French, tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 nílé ìwé náà nígbà ogun, la ẹnu. Ó ní ọ̀gá máa ń gbé àpótí òfo fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún un, lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á kọ ìtọ́ka sí i. Òun sì gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn sójà tó pàgọ́ nítòsí, ló bá tò wọ́n sí i. Háà! Ọmọ ọlọ́mọ ló ń to ọ̀rọ̀, ọ̀gá ló ń gbowó. Nígbà tí ọ̀ràn sì dé, ohun tí French ní ọ̀gá ṣe ni pé ó ní kí òun dáná sun ìwé tí òun ń kọ nǹkan sí, ó sì mú òun búra pé òun ò ní sọ ọ́. Àwọn kan ò gba ìtàn yìí gbọ́. Èmi gbà á gbọ́, torí mo ti rí tíṣà rí.

Torquemada ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń yìn ín pé òun ló kọ́kọ́ ṣe gbogbo rẹ̀ ní àdììtú pátápátá, ẹ mọ̀ pé ó yan ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìtọ́ka. Ta ló jókòó ti àpótí, tó ń wá bí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn yóò ṣe bá ara wọn mu lóòró àti níbùú? Rosamond ìyàwó rẹ̀ ni. Ọdún dé ọdún, orúkọ adánilóró ará Sípéènì ló wà lókè àdììtú náà. Gbogbo òfin tí wọ́n ṣe lórí ohun tó tọ́ sí ẹni tó ń tú u, ohun tó tọ́ sí ẹni tó bá wọn tò ó kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di àdììtú lónìí, ẹ máa pa irọ́ yín bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó yín bá bá yín to àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an.