Òjò Ń Palẹ̀ Mọ́, Èmi Ló Gbé Iṣẹ́ Lé Lọ́wọ́

Ẹ bá mi bi ẹni tó ní ìparí òjò ni ìsinmi: ilé ta ló ń gbé? Kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ni mí, n kò pe ara mi ní àgbẹ̀ rí. Ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé báyìí, títí ọyẹ́ yóò fi mú, ẹ̀yìnkùlé yẹn ló ni mí.

Koríko ló máa ń kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, a ó máa dúpẹ́, àfi kó tún padà dé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ibi tí mo bá ro ní Sátidé yìí, kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, ó ti tún wú. Ewé Akíntọ́lá tilẹ̀ ti gbàjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹni tí kò bá sì ṣán an kó tó tanná, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni yóò bá a fọ́n irúgbìn rẹ̀ kárí àdúgbò. Igi rẹ̀ tó bá ṣẹ́kù á gbẹ fínnífínní, á wà níbẹ̀, á máa retí ẹni tó máa ṣáná sí i.

Mo pe alágbàṣe. Ó wo ilẹ̀ náà, ó mí kanlẹ̀, ó dárúkọ owó kan, mo bi í bóyá ó fẹ́ ra ilẹ̀ ọ̀hún ni. Ó ní oúnjẹ kò sí nínú iye yẹn o. Mo ní gàrí wà nílé. Ó ní gàrí Ìjẹ̀bú ti kan jù fún òun. Nínú Ìjẹ̀bú-Òde! Mo gbé àdá mi, mo kọrí sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ ká wá mẹ́nu ba àgbàdo tí mo gbìn kí òjò ìkẹyìn lè bá a. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní fall armyworm. Ọmọ Amẹ́ríkà ni. Àkókò tí ewé ń wọ́ lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní fall, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ìgbà náà ló máa ń dé apá àríwá wọn, òtútù á sì tètè bá wọn pa á. Nínú oṣù kìíní ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, rí i nínú àgbàdo ní Ìbàdàn àti ní Ìkẹ́nnẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì gbúròó rẹ̀ ní Áfíríkà rí. Ìkẹ́nnẹ́ kò kúkú jìnnà sí wa, àfòpiná rẹ̀ sì lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan. Òtútù wo ni yóò wá pa á ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú? Ó ti di onílé. Ìyá rẹ̀ kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ, àwọn ọmọ á sì wọnú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, wọ́n á máa jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọ́n ní kí n máa bu eérú sí ẹnu ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí n kò bu oúnjẹ sí ọmọ-ọmọ mi lẹ́nu rí.

Ewùrà ńkọ́? Gbogbo ilé ló ni ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀, èmi nìkan ló ni wíwà rẹ̀. Bí ewé rẹ̀ bá ti ń pọ́n lórí ọ̀pá báyìí, ìyàwó mi á dé ẹnu ọ̀nà: “Dádì, ewùrà ti gbó o.” Ewùrà kì í sì í ta síbi kan, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ó tún rá gba abẹ́ òkúta. Bí ọkọ́ bá sì fi lè ṣá a, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹrà. “Dádì, ẹ rọra o, ẹ má ṣá a!” Àna mi ọkùnrin tó jókòó lábẹ́ ibòji náà kò ní dákẹ́: “Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ gbẹ́ Erédò Sùngbọ́?” Lóòótọ́, yàrà yẹn gùn tó 160 kìlómítà, ó sì jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan. Mo ní kó bá mi béèrè bóyá ẹnì kan ló dá a gbẹ́, tí àna rẹ̀ ń wò ó.

Tòmátò fẹ́ràn àsìkò tí òjò ń palẹ̀ mọ́ yìí, nítorí òjò ńlá máa ń mú un jẹrà. Ó kórìíra òjò, àmọ́ omi ni yóò mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kànga náà sì ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò tí koríko ti gbẹ mọ́ lójú kò tún mọ ọ̀nà ibòmíràn mọ́.

Aládùúgbò mi ní igi fúrúùtù kan. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, á máa já bọ́ sínú ọgbà mi, fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Àbúrò mi ní London fi fọ́tò irú ewé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bó ṣe rẹwà.” Ó rẹwà! Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bá a kó tirẹ̀. Mo bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló ń já ewé.” Àmọ́ tí igi yẹn bá so, kì í ṣe Ọlọ́run ló máa ń lé àwọn ọmọ-ọmọ mi kúrò nídìí rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kó ewé náà bo ìdí tòmátò, kí ilẹ̀ má bàa tètè gbẹ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, n kò lè jiyàn. Iṣẹ́ mìíràn tún dé nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí àti ojúlùmọ̀ tẹ́ ẹ máa ń yà kí wa nínú oṣù kejìlá, tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ìkọ́kọrẹ́ ilé wa kò lẹ́gbẹ́, ẹ káàbọ̀ o. Kí olúkúlùkù gbé ọkọ́ tirẹ̀ dání.