Táyà Dà?

Gbogbo Yorùbá tó bá ti gbé Sókótó rí ló mọ òwe tí wọ́n máa ń pa fún wa nígbà tí a bá wálé ọdún, èyí tó ní í ṣe pẹ̀lú ṣòkòtò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sápò ná. Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ sọ.

Sabon Gari ní Sókótó ni mo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà. Mo ní tábìlì kan àti bírò dúdú àti pupa, mo ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà, mo ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Àwọn Hausa ń pè mí ní Malam, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ.

Alhaji tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ta ohun èlò mọ́tò. Ó ní Toyota tòkunbọ̀ kan tí iná yẹ́lò kan ò kú níwájú dírẹ́bà, ó sì ní kí Malam bá òun wò ó. Mo wò ó, mo rí ohun tó jọ ìkòkò. Mo ní, “Alhaji, ìkòkò epo nìyẹn. Ọ́ìlì ti gbẹ.” A yí ọ́ìlì padà, iná ń tàn. A tún ra ọ́ìlì tó wọ́n jù ú lọ, iná ń tàn. Mai faci, fọkanáísà tó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí kò lọ sílé ìwé, kò tiẹ̀ dìde tó fi ní, “Táyà ni.”

Táyà ni lóòótọ́. Nígbà tí táyà Firestone ń bẹ́ lábẹ́ Ford Explorer ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣòfin lọ́dún 2000, nígbà tó sì fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, kò sí ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń ṣe fún ọjà ibẹ̀ mọ́ tí kò ní iná yẹn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rímù tó ń fi rédíò sọ fún ọkọ̀ bí atẹ́gùn ṣe kù sí. Bí fọkanáísà wa bá wá fi irin ṣí táyà láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ó fọ́ nìyẹn, iná á sì máa tàn lọ.

Ojú ọjà ni Alhaji fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ó ránṣẹ́ sí Ṣáínà fún géèjì táyà, pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀, àti pọ́ǹpù oníná tí wọ́n ń kì bọ ojú iná sìgá mọ́tò, tó ní géèjì àti tọ́ọ̀ṣì lára. Ẹrù náà gba Kútọnu, ó la Niger kọjá dé Konni, ó gba Illela wọlé, ó ku ohun tó lé díẹ̀ ní 80 kìlómítà kó dé ọ̀dọ̀ wa. Kí Nàìjíríà tó ti bodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni. Alhaji fẹ́ lọ gba ẹ̀jẹ́ǹtì tí yóò bá a kọ ìwé aṣọ́bodè. Èmi ni mo ní, kí la fẹ́ fi ẹ̀jẹ́ǹtì ṣe nígbà tí Malam wà?

Mo lọ ṣe fọ́tókọ́pì ìwé owó ibodè. Àjọ aṣọ́bodè àgbáyé tó wà ní Brussels ló ni nọ́ńbà inú rẹ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1988 ni wọ́n sì ti ń lò ó. ECOWAS wá fà á gùn di nọ́ńbà mẹ́wàá, wọ́n pín owó orí rẹ̀ sí ìpele márùn-ún: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Orí 97 ló ní. Nígbà tí mo dé orí 77 tí n kò bá nǹkan kan níbẹ̀, mo gbà pé ọmọ tó ṣe fọ́tókọ́pì fún mi ti jí ojú ewé mi. Mo lọ bá a jà, mo ní kó dá owó mi padà. Ó sì dá a padà. Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n fi orí 77 sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú.

Fún géèjì táyà, mo wá táyà nínú ìwé, mo rí 4011, mo kọ ọ́. Ọmọbìnrin kan ló gba ìwé náà lọ́wọ́ mi ní ọ́fíìsì aṣọ́bodè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ka ìwé, ó ṣí páálí, ó pa á dé, ó tún un ṣí.

“Bàbá, táyà dà?”

“Táyà wo?”

“Táyà tuntun tí ẹ kọ síbí.”

Ẹni tó bá kọ táyà sínú ìwé tí a kò bá táyà nínú ẹrù rẹ̀, ohun tí aṣọ́bodè máa kọ́kọ́ rò ni pé ó ti já a sílẹ̀ lọ́nà. Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fi Kùránì búra. Alhaji ń wo èmi.

Mo gba bírò, mo fa ìlà sí i, mo kọ 8708: ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọmọbìnrin náà ṣí àlàyé tó wà níwájú apá kẹtàdínlógún ìwé hàn mí. Ohun tó bá ti bọ́ sí 8401 títí dé 8479, àti gbogbo ohun tó wà ní orí 90, wọn kì í kà á mọ́ ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀, ì báà máa sùn nínú mọ́tò lójoojúmọ́.

“Bàbá, ẹ má sọ ibi tí ẹ ti ń lò ó fún mi. Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń wọn agbára atẹ́gùn.”

“Ẹ kọ 9026.20.”

Ó yẹ kí n gba ìtìjú mi délé. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kù. Ní ti pọ́ǹpù, mo rí ọ̀rọ̀ náà ní 8413, n kò sì ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Pọ́ǹpù tó ń fa omi àti ohun olómi ló wà níbẹ̀.

“Omi wo ni èyí ń fà, Bàbá?”

Oṣù kẹta ni, ní Sókótó, tí oòrùn ń lé ní 40 lórí òṣùwọ̀n. Bí wọ́n ṣe gbọ́ “omi” nínú ọ́fíìsì yẹn, akọ̀wé gbójú sókè, mẹ́séńjà gbójú sókè. Kí n tó dé Sabon Gari, ìròyìn ti ṣáájú mi pé Alhaji ti kó pọ́ǹpù omi wọlé, tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, tó ń lo iná mọ́tò. Àwọn kan ti gbé àsansílẹ̀ wá. Bàbá kan nínú wọn fẹ́ mọ bí kànga ṣe lè jìn tó kó tó rẹ̀ ẹ́.

8414.20 ni pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀, 8414.80 sì ni oníná. Mo tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn pé oníná yìí ní tọ́ọ̀ṣì lórí, kí ni kò jẹ́ ká kọ ọ́ sí iná? Ó ka òfin kẹta inú ìwé náà fún mi: ohun tí a bá fi ẹ̀yà oríṣiríṣi ṣe, ẹ̀yà tó sọ ọ́ di ohun tó jẹ́ la ó fi pè é. Yọ tọ́ọ̀ṣì kúrò, yóò fẹ́ táyà. Yọ pọ́ǹpù kúrò, tọ́ọ̀ṣì burúkú ló kù.

Owó ilẹ̀ tí ẹrù sùn sí ní gbogbo àkókò yìí ju owó tí ẹ̀jẹ́ǹtì ì bá gbà lọ. Alhaji yọ ọ́ nínú owó mi, géèjì kan ló fi san ìyókù. Mo fi wọn táyà mọ́tò mi lọ́sàn-án gangan bí mo ṣe ti ìrìn àjò dé. Ó ka iye tó ga, mo sì yọ atẹ́gùn kúrò. N kò mọ̀ pé bí táyà bá fi ìwọ̀n 5 tàbí 6 Celsius gbóná sí i, psi kan ni yóò fi kún un, bó bá sì tutù, ó máa ń dá a padà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, táyà ti rọ̀. Mai faci kò dìde lọ́tẹ̀ yìí náà.

Àwọn tó gbé àsansílẹ̀ wá kò gba owó wọn padà. Wọ́n ní àwọn á dúró de pọ́ǹpù omi. Alhaji, oníṣòwò, kó pọ́ǹpù omi gidi wọlé kí bodè tó tì, ó sì ní Ọlọ́run lè fi Malam ṣe nǹkan, kí n kọ fọ́ọ̀mù náà. Mo ti há 8414 sórí débi pé n kò tiẹ̀ ṣí ìwé wò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, ó wo ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ọpọ́n ọṣẹ, ó wo ojú mi.

“Bàbá, táyà kí ni ẹ fẹ́ fi èyí fẹ́?”