Oríkì Ìwé Ìfẹ́ Iwin, Olówó-Orí Ọmọge Yábà

Ìwé ìfẹ́ iwin, mo kí ọ o! Àkàmásùn, ọmọ Ajórẹsì-mọ́dìí-ìkòkò. Olówó-orí àwọn ọmọge Yábà tí kò san kọ́bọ̀ ìdána. O nípọn bíi búrẹ́dì Àgége, síbẹ̀ ọmọ tó ní báàgì òun ti wúwo jù láti gba tòmátì ìyá rẹ̀ ló ń gbé ọ láti Sábó dé Àkọkà láìráhùn. Ìwọ lo kọ́ ẹni tí kò lè ka ìwé ìdánwò lábẹ́ gílóòbù láti máa fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé nígbà tí iná bá lọ.

Afidanfó-ré-ibùdókọ̀-kọjá! Àwọn ọmọge rẹ wọkọ̀ ní Yábà, Ojúẹlẹ́gba ni wọ́n ń lọ. Kọ́ńdọ́ pariwo títí ohùn rẹ̀ há, wọn ò gbọ́, nítorí ọmọ ọba iwin ń bọ́ ẹ̀wù lójú ewé. Ìdí-Òro kọjá. Mushin lojú wọn tó là, ni wọ́n wá ń ké pé “Ó wà o!” Kọ́ńdọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó Mushin.

Àlejò-tí-kì-í-kí-onílé! Lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba ni wọ́n ń tà ọ́, láàárín ìwé ìbéèrè JAMB àti ìwé àdúrà, ní àdúgbò tó gba orúkọ lára ojúbọ Ẹlẹ́gbára. Èèmọ̀ ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, o ò tiẹ̀ yà kí i.

Sarah J. Maas, ọmọ Amẹ́ríkà, ló bí ọ ní 2015. Kí 2021 tó parí, ẹ ti di márùn-ún, Ààfin Báyìí àti Báyìí sì ni gbogbo yín ń jẹ́: Ààfin Ẹ̀gún àti Òdòdó, Ààfin Ìkùukùu àti Ìbínú. TikTok ló wá gbé yín pọ̀n.

Arúgbó-má-hu-ewú! Feyre, ọmọbìnrin inú ìtàn rẹ, jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ọkọ tí o mú wá fún un ti lé ní 500 ọdún. Kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ yọjú sí ọmọ ẹni ní Mushin, àwọn ìyá àdúgbò á bi í pé àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ mélòó ló ti gbéyàwó. Ṣùgbọ́n èyí ní ìyẹ́ lẹ́yìn, ó ní ààfin, ìyá rẹ̀ sì ti kú kí ìyàwó tó dé. Ta ni kò ní fẹ́ ẹ?

Àbúrò rẹ, The Cruel Prince tí Holly Black gbé jáde ní 2018, tún wá ṣe é dé góńgó: àwọn iwin inú tirẹ̀ kò lè parọ́. Ọkùnrin tí kò lè parọ́! Ní Èkó, níbi tí ẹni tó ṣì nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì ní Sùúrùlérè ti ń sọ lórí fóònù pé òun ti wà lórí bíríìjì Third Mainland! Àwọn ọmọge yìí kan náà ló sọ àwọn ọkùnrin wa ní “Yoruba demon”, alágbádá ọjọ́ Sátidé tí fóònù rẹ̀ kì í lọ mọ́ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Iwin tó ń parọ́ pọ̀ nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó ń sòótọ́ ni wọ́n ń fowó rà.

Egbére, iwin tiwa, ńkọ́? Ó kúrú, ẹní ló ń gbé kiri, ẹkún ló ń sun. Ẹní rẹ̀ nìkan làwọn èèyàn ń lé, torí owó tó wà níbẹ̀.

Ayá-ẹ̀yà-ara-ẹlẹ́ni-lò! Oríkì yìí ló bá ọ mu jù. Ní 1952 ni ìwé Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní London. Arẹwà ọkùnrin kan wọ ọjà nínú ìwé náà, ọmọbìnrin kan sì tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún un pé kó padà, kò gbọ́. Bí wọ́n ṣe wọgbó ni arákùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tó yá a, ó ń san owó ìyálò bó ṣe ń lọ: ẹsẹ̀, ikùn, apá, títí ó fi ku agbárí nìkan. Ìwọ nìyẹn! Dá Tamlin, ọkùnrin iwin inú rẹ, padà fún àwọn akọrin Skọ́tíláǹdì tó ti ń kọrin Tam Lin láti ayé àtijọ́. Dá arẹwà tó ń bá ẹranko gbélé padà fún àwọn ará Faransé. Kí ló kù lọ́rùn rẹ? Agbárí, àti ìfẹnukonu.

Síbẹ̀ n kò lè bá àwọn ọmọge wí. Nínú ìwé Tutùọlá, ọ̀mùtí tó ń sọ ìtàn náà fojú ara rẹ̀ rí arẹwà yẹn lọ́jà, ó ní òun ò lè dá ọmọbìnrin náà lẹ́bi. Ẹkún lòun fúnra rẹ̀ bú sí, pé Ọlọ́run ò dá òun ní arẹwà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tàwé ní Yábà, mo bẹ̀ yín, ẹ to Tutùọlá sí ẹ̀gbẹ́ Maas. Ẹni tó bá ra méjèèjì pọ̀, ẹ bá a dín owó rẹ̀ kù.