Ìjàpá Ọ̀gá Alábàárù

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, lọ́jọ́ tó dá ilé iṣẹ́ alábàárù sílẹ̀. Ó gba Ehoro, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Òkété síṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti so ṣaworo mọ́ kálukú lọ́rùn. Ó ní, “Kí n lè mọ ibi tí ẹrù oníbàárà dé ni.” Wọ́n gbà. Ní Èkó tiwa, inú fóònù ni wọ́n ń so ó sí. Kì í tiẹ̀ dún, òun ló sì burú jù.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, Ehoro nawọ́ sí okùn ọrùn rẹ̀. Ìjàpá kígbe mọ́ ọn: “Má tú u! Ẹni tí kò jalè, kí ló ń fi pa mọ́?” Ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ lé itan, ó tẹ́tí, ó ń kọrin:

Ta ló ń rìn létí odò?
Ṣaworo, sọ fún mi.
Ta ló lọ sẹ́yìnkùlé?
Ṣaworo, sọ fún mi.
Ó mà pẹ́ níbẹ̀ o!
Ṣaworo, sọ fún mi.

Nígbà tóṣù parí, ó ka ìwé náà síta lójú gbogbo wọn. Òkété lọ ṣe gáà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ Ajé: ó gé owó rẹ̀. Ehoro lọ sílé ìyá agbẹ̀bí lóru mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì sọ fún ìyá tó bí i pàápàá pé òun fẹ́ra kù. Ehoro kò fọhùn. Etí rẹ̀ méjèèjì kàn rọ wọ̀ọ̀, bí ewé kókò tí oòrùn pa.

Lóru ọjọ́ náà, bí Ìjàpá ti ń hanrun, Ehoro tú ṣaworo ara rẹ̀, ó so ó mọ́ ọ̀gá nídìí, níbi tọ́rùn ọ̀gá kò lè yí dé.

Ebi jí Ìjàpá. Ó forí lé oko àna rẹ̀, ó fẹ́ wa iṣu. Woro, woro. Ó dúró, ṣaworo dákẹ́. Ó rìn, ó tún dún. “Háà, Ehoro ń tọ̀ mí lẹ́yìn!” Ó yọ ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀: Ehoro, òru, oko àna mi. Ó wa iṣu mẹ́fà, ó tún kọ ọ́: ó ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó ti ń wa ìkeje ni àna rẹ̀, tó gbọ́ woro láti orí ẹní, ti dì í mú.

Ní ààfin, Ìjàpá tí kò fojú kan ìwé òfin rí bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ẹsẹ Ifá: “Kábíyèsí! Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ onílùú! Òfin Ààbò Dátà ti 2023 ní ẹ kò gbọdọ̀ fi ohun tí ẹ mọ̀ nípa mi nítorí iṣẹ́ ṣe ohun tí kò bá iṣẹ́ náà mu! Ìrìn òru mi, kí ló kan iṣẹ́?”

Ọba ní kí wọ́n ka ìwé tọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ehoro na ọrùn tó ṣófo síta, wọ́n sì yí Ìjàpá padà, kí gbogbo ayé wòdí rẹ̀. Ni orin bá tún bẹ́:

Ta ló wà lóko àna?
Ṣaworo, sọ fún wa.
Iṣu mélòó ló wa?
Ṣaworo, sọ fún wa.

Ohùn Yánníbo ló ròkè jù nínú ègbè.